Ilé Tí Wọ́n Ti Ń Kọ́ Àgbà Ní Ìrìn

Bí ẹ bá fẹ́ ẹni tó máa sọ ìtàn Àǹtí Ó-Dá-Yín-Lójú láìbínú, ẹ wá ẹlòmíì. Ibi iṣẹ́ kan náà lèmi àti ẹ̀ jọ wà, tábìlì mi kọjú sí tirẹ̀. Àwa la fún un lórúkọ yẹn, torí kò sóhun téèyàn máa sọ tí kò ní kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé ó dá yín lójú?" Ọkọ rẹ̀ sọ fún mi pé lọ́jọ́ tóun ní òun fẹ́ fi í ṣaya, èsì tóun gbà náà nìyẹn.

Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ló máa ń pè wá pé ká wá wo iṣẹ́ àwọn, ká sọ ibi tó kù sí àti bó ṣe lè dára sí i. Àwọn tó ń fowó ràn wọ́n lọ́wọ́ ló máa ń ka ohun tá a bá kọ. Tá a bá ní ó dáa, iṣẹ́ ń lọ. Tá a bá ní kò dáa, ilẹ̀kùn á tì. Ẹ ò rí i pé iṣu àti ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ wa.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló dá ilé tí mò ń sọ yìí sílẹ̀. Àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ni wọ́n ń gbé wá síbẹ̀. Ọ̀pá irin méjì gùn láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri ìsàlẹ̀. Aláìsàn á dì wọ́n mú lọ́tùn-ún lósì, nọ́ọ̀sì á kọjú sí i, á máa fẹ̀yìn rìn, á máa pariwo: "Bàbá, ẹ gbé e! Ẹsẹ̀ yín ni, ẹ ò yá a!"

Ọ̀gá wa, ọkùnrin tí kì í tú táì nínú ooru, lọ síbẹ̀ bó ṣe máa ń lọ síbi gbogbo: ó ka àwọn tó jókòó, ó fi wọ́n wé àwọn tọdún tó kọjá. Ó rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tọdún tó kọjá ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó kọ ọ́ pé wọ́n ti sá lọ.

"Ṣé ó dá yín lójú, ọ̀gá?"

"Kí ni kò ní dá mi lójú? Ẹni tó ń gbádùn oúnjẹ kì í dìde nídìí abọ́."

"Ọ̀gá, ìrìn ni wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ń rìn, kí ló tún fẹ́ wá jókòó ṣe?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó fi ìwé náà ránṣẹ́, àwọn olówó sì dájọ́ ìpàdé tí wọ́n máa fi mọ̀ bóyá ilé náà máa wà tàbí kò ní í wà.

Ọjọ́ ìsinmi wa ni Àǹtí fà mí lọ́wọ́ lọ wá àwọn tó "sá lọ" yẹn. A bá onígbàjámọ̀ kan lórí ìdúró, ó ń rìn yí oníbàárà rẹ̀ po pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́. Ìyá kan ń gun àtẹ̀gùn ilé ọmọ rẹ̀, ó ní ká kúrò lọ́nà fóun. Ẹnì kan ti kú, a kí àwọn ará ilé rẹ̀. Awakọ̀ kan ló sá lóòótọ́. Ó ní nọ́ọ̀sì yẹn le ju sójà lọ. Àǹtí kọ tiẹ̀ náà sílẹ̀, kò fi pa mọ́.

Nígbà tó kó gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá, èsì tí ọ̀gá fún un ni pé òun ò lè kó èébì òun jẹ. Ni Àǹtí bá ní kí àwọn èèyàn náà fẹsẹ̀ ara wọn rìn wá sí ìpàdé.

Wọ́n wá. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́fíìsì tí wọ́n ti ṣèpàdé wà, wọ́n sì gùn ún. Màdáàmù tó jẹ́ olórí àwọn olówó wò wọ́n títí wọ́n fi jókòó tán.

"Àwọn tí wọ́n ní wọ́n sá lọ rèé, mà," Àǹtí wí.

Màdáàmù bọ́ dígí ojú rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n tí ara gbogbo wọn bá ti yá báyìí, ṣebí iṣẹ́ ilé yẹn ti parí nìyẹn?"

Orí mi gbóná. Tí àga bá ṣófo, wọ́n sá lọ. Tí wọ́n bá fẹsẹ̀ wọn rìn wá, iṣẹ́ ti parí. Ọ̀nà wo ni wọ́n fẹ́ kí nọ́ọ̀sì yìí gbà yege gan-an?

Onígbàjámọ̀ dìde. "Mà, ẹni tí àrùn yìí máa mú lọ́la ṣì ń rìn kiri lónìí. Ó lè wà nínú yàrá yìí. Èmi náà ò mọ̀ pé èmi ló kàn nígbà yẹn."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Gbogbo ìdí tábìlì hó yèè. "Ká má rí i! Ẹ̀yìn wa ló máa gbà lọ!"

"Ọkùnrin yìí ń ṣépè fún wa!" Màdáàmù ti ń kó ìwé rẹ̀ jọ. Ọ̀gá wa ló ń ṣe "àmín" tó ròkè jù lọ, ó tilẹ̀ tú táì.

"Ẹ jókòó!" Àǹtí gbá tábìlì. "Àmín yín ò lè kọ́ ẹnì kankan ní ìrìn!"

Ta ní fẹ́ gbọ́? Wọ́n gbàdúrà jáde, wọ́n sì ti ilé náà.

Èmi àti Àǹtí wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wá hú irin méjèèjì. Obìnrin kan tí kò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ gbé ọkọ rẹ̀ dé. Nọ́ọ̀sì ní kí ọkùnrin náà di férémù ilẹ̀kùn mú. Àǹtí gbá a mú lápá kejì. Àwọn tó ń kó irin ní kí wọ́n yà fáwọn, kí irin lè ráyè kọjá. Mo bú wọn débi tí ohùn mi fi há, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn ni wọ́n ń jẹ́.

Kò pẹ́ sígbà náà, àwọn olówó yẹn tún pe ọ̀gá wa. Wọ́n fẹ́ ká wá wádìí ohun tó mú kí ilé náà tì, kí wọ́n lè fi kọ́gbọ́n. Inú ọ̀gá dùn, iṣẹ́ tún ti wọlé. Ó gbé e fún Àǹtí, torí òun ló mọ ibẹ̀ jù.

Àǹtí kọ gbólóhùn kan ṣoṣo: "Ẹ̀yin lẹ tì í." Ó fọwọ́ sí i, ó gbé àpò rẹ̀, ó ń lọ sílé.

Ọ̀gá gbé ìwé náà wá sórí tábìlì mi, ó ní kí n bá òun tún un kọ, kó gùn díẹ̀, kó sì lọ́wọ̀ nínú. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo mú bírò, mo fọwọ́ tèmi náà sí i lábẹ́ tirẹ̀.