Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà Se Oògùn Lọ́ńdọ̀nù

Òórùn àgbo ló jí mi láàárọ̀ Sátidé yẹn ní Ìfọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òórùn tí mo mọ̀. Àgbo Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ní òórùn tirẹ̀: dongóyárò, ewé ìbẹ́pẹ àti èèpo igi kan tí kò sọ orúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá ti ń hó, gbogbo ọmọ inú ilé á ti máa wá ibi sá sí. Ẹ̀yin tí wọ́n ti di imú yín rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ibà ń ṣe ọ́ o, ibà ò ṣe ọ́ o, wàá mu. "Mu ún tán," ni Ìyá Àgbà máa ń wí, "ìsàlẹ̀ ife ni agbára rẹ̀ wà." Ìsàlẹ̀ ife ọ̀hún, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lásán ni!

Ti àárọ̀ yẹn ń rùn bíi koríko gbígbẹ tí òjò pa, mo sì mọ ohun tó fà á kí n tó dé ìdí ààrò. Orí ló ń da Màámi láàmú nígbà náà, túúlu burúkú tó ń gba ẹ̀gbẹ́ kan, tó ń mú un bì, tí kì í jẹ́ kó fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀ rárá. Ìyá Àgbà ti se àgbo títí, Màámi kàn ń yẹ̀ ẹ́ ni. Lónìí, á ní ó korò jù. Lọ́la, á ní inú òun ò gbà á. Ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ dìjà, nítorí kò sí ìyàwó ilé wa tó ń kọ àgbo Ìyá Àgbà.

Ni Àǹtí Bísí, àbúrò bàbá mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, bá fi ìgò oògùn kan ránṣẹ́. Ewé kan tí wọ́n ń pè ní fífáfiù ni wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n rọ sínú rọ́bà kéékèèké tó ṣeé gbé mì. Àǹtí ṣàlàyé lórí fóònù pé ẹyọ kan ni láràárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, fún oṣù bíi mélòó kan. Kì í lé orí fífọ́ tó ti dé, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ó dín wíwá kù.

Ìyá Àgbà pòṣé. "Oògùn tí ò lè lé tòní, ṣé tọ̀la ló fẹ́ lé? Wọn ò sè é ni!"

Bó ṣe sè é nìyẹn. Gbogbo ìgò! Rọ́bà yọ́ nínú ìkòkò, ó ń fà bí ilá. Nítorí pé àgbo ilé wa kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, gbogbo wa ló bù fún. Ó korò títí dé àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Ìyá Ràfíù, ayálégbé wa, mu tirẹ̀, ó ní ojú òun ti là. Irọ́ ńlá! Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe ojú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó wá kan Màámi. Òun fúnra rẹ̀ ló ti sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dúró de ti Bísí, kò wá sí ibi tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ sí mọ́. Èmi ní tèmi, kò sí ohun tí mi ò kì í kà nígbà yẹn, títí dórí ọ̀rá búrẹ́dì. Mo gbé ìgò òfìfo náà, mo ń kà á sókè, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀, kí gbogbo ilé lè mọ̀ pé èmi ni mo gbapò kìíní ní kíláàsì wa.

"Wọ́n ní kí ọmọdé má mu ún." Ràfíù, tó ti lá ife rẹ̀ mọ́, bú sẹ́kún.

"Wọ́n ní kí aboyún má fẹnu kàn án."

Màámi ti gbé ife dẹ́nu. Ó rọra gbé e kalẹ̀. Ìyá Àgbà wo ife, ó wo ojú rẹ̀, ó wo bùbá gbàgẹ̀rẹ̀ tó ti ń wọ̀ láti ọjọ́ yìí. "Ìyàwó mi?" ló wí, pẹ̀lú ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Háà! Ìyá Àgbà gbé ìkòkò, ó dà á nù sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń jó, ó ń sunkún, ó tún ń bú Àǹtí Bísí. Ó fà mí mọ́ra títí mi ò fi lè mí dáadáa. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n Ìyá Ràfíù ti gbéra lọ sọ́jà. Kí oòrùn tó mú, àwọn èèyàn ti ń wá kí wa kú oríire.

Oyún náà dúró. Kọ́lá àbúrò mi ni, ó ti ga jù mí lọ báyìí. Orí fífọ́ Màámi dín kù bí oyún ṣe ń dàgbà, Ìyá Àgbà sì búra títí tó fi kú pé òórùn àgbo yẹn tó fà símú ló wò ó sàn.

Èmi ni mo máa ń sọ ìtàn yìí bí a bá péjọ, a ó sì rẹ́rìn-ín títí ìhà á fi máa dùn wá. Mo ti dàgbà kí Màámi tó sọ fún mi pé oyún méjì ló ti bàjẹ́ mọ́ òun lára ṣáájú ìyẹn, pé ìdí tí òun fi ń fi oyún Kọ́lá pamọ́, tí òun sì ń yẹ àgbo nìyẹn. Ọmọ tó ń ka ìgò lọ́jọ́ yẹn, ìwé tó mọ̀ nìkan ló rí. Èmi tí mò ń gbé Mowe báyìí, tí mo wojú Ọlọ́run fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó gbọ́ ẹkún ọmọ nílé mi, ọwọ́ Màámi ni mò ń rí. Nígbà tó gbé ife sílẹ̀, ó lọ tààrà síkùn.