Ìyálé Inú Kọ̀ǹpútà

Èmi kì í ṣe oníjàgídíjàgan. Ẹ bi gbogbo ẹni tó ń wá tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìfọ̀nyìn, wọ́n á sọ fún yín pé onísùúrù ni mí, àfi tí ẹnìkan bá fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mi, tàbí tó dúró sẹ́yìn mi tó ń ka ohun tí mò ń tẹ̀, tàbí tí iná bá lọ. Iná sì máa ń lọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti àbúrò bàbá wa jókòó tì mí lọ́tùn-ún lósì, tí wọ́n ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so dísìkì mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ má bá mi wí fún ohun tó tẹnu mi jáde.

Kọ̀ǹpútà tí mò ń wí yìí kì í ṣe èyí tí mo fi ń ṣiṣẹ́. Òun ni mo kọ́kọ́ rà láyé mi, arúgbó ẹ̀rọ kan tó rí gbàgàdà, tó wúwo bí àpò gàrí. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbé e sí yàrá ẹ̀yìn, tí mo fi ògbólógbòó ìró ìyá wa bò ó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ní kí n jù ú nù. Mi ò lè jù ú nù, torí ohùn ìyá wa wà nínú rẹ̀.

Bó ṣe débẹ̀ nìyí. Nígbà yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ti bá ọkọ lọ sí Gabon, tẹlifóònù ò sì tíì rọrùn. Mo ní kí Ìyá wá sọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí n dà á sórí sídíì, kí ẹni tó ń lọ sí Libreville bá wa gbé e lọ. Epo pupa ni Ìyá ń tà, ó ń gbé e gba Ìgólò kọjá sí òdìkejì ẹnubodè, kò sì sí ẹni tó mọ ènìyàn kí bíi tirẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Ó wọṣọ tó dáa, ó jókòó, mo gbé gbohùngbohùn sí i lẹ́nu.

Ó ní, "Àkọ́bí mi, ṣé dáadáa lo wà?" Ó bá dákẹ́.

Mo ní, "Ẹ máa sọ ọ́ lọ, Ìyá."

"Mò ń dúró kó dáhùn."

"Kò tíì gbọ́ o! Ó di ìgbà tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. "Tó bá wá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí mo ti ń sọ tèmi lọ fàìfàì, ìgbà wo ni òun á ráyè dáhùn? Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí ọmọ ènìyàn nìyẹn? Ṣé sọ́jà ni mí?"

Bí Ìyá ṣe ṣe é nìyẹn. Á béèrè, á dákẹ́ títí tí ènìyàn fi lè dáhùn dáadáa, á mi orí, á ní "Ọlọ́run ṣeun," á tún bọ́ sórí òmíràn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ inú ohun tí mo gbà sílẹ̀ yẹn pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Mo ní kí n gé àwọn ibi òfìfo yẹn kúrò kó lè kúrú. Ìyá gbọ́. Ó dìde sí mi: "O fẹ́ gé ẹnu ọmọ mi? Tó o bá dán an wò!" Mi ò dán an wò.

Ká tó parí, ẹni tó ń lọ sí Libreville ti bọ́ sọ́kọ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni tẹlifóònù kún ìgboro, Ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, a sì gbàgbé tinú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí Ìyá kú, ẹ̀gbọ́n mi ò lè wá, ọkọ rẹ̀ wà lórí àìsàn, ìwé rẹ̀ ò sì pé. Lẹ́yìn náà ni ọkọ ọ̀hún kú sọ́hùn-ún. Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá yìí ló tó rọ́nà wálé. A lọ síbi sàréè Ìyá, ó sunkún tẹ́rùn, ó nujú, ó ní, "Ohùn Ìyá tó o ní o gbà sínú ẹ̀rọ ńkọ́? Mi ò gbọ́ ọ rí. Mi ò sì ní padà láìgbọ́ ọ."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló sì fẹ́ padà.

Mo ṣí ìró kúrò lórí ẹ̀rọ, mo tan án. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kérora bí ìgbà tí wọ́n ń fi ọlọ lọ ata gbígbẹ. Mo yára pa á. Mo pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Ìgólò, mo gbé tẹlifóònù sún mọ́ ọn kó gbọ́. Ó ní, "Madame, dísìkì yẹn ń kú lọ. Ẹ má gbìyànjú àtigbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ ko ohun tó wà níbẹ̀ sórí òmíràn, torí ìgbà tẹ́ ẹ bá tún tàn án lè jẹ́ ìkẹyìn." Ojú tí wọ́n ń ki kílé, ọ̀pá kékeré tí wọ́n fi ń ko nǹkan láti inú kọ̀ǹpútà, sí lára ẹ̀rọ náà ńkọ́? Èèrà ti kọ́lé síbẹ̀, wọ́n ti bímọ. Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ sì rèé, kò ní ẹnu tó lè gba wáyà fífẹ̀ ti àtijọ́. Ó kù kí a wá dísìkì tuntun, ká sì so ó mọ́ arúgbó yẹn nínú ikùn.

Dísìkì tuntun wà. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló rà á bọ̀ fún mi láti Libreville. Ó kéré, ó ń dán, ó sì ń gba ẹrù ju arúgbó yẹn lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, wáyà ti inú arúgbó sì fẹ̀ bíi bẹ́líìtì. Wọn ò bára wọn mu rárá. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́, mo wá ohun ìsopọ̀ kan kiri títí ẹsẹ̀ fi fẹ́ yọ, irú èyí tí wọ́n ń fi sáàárín àwọn méjèèjì kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn.

Nígbà tí mo ṣí ikùn kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àbúrò bàbá wa dé, ó mú ìgò sódábì rẹ̀, ògógóró ọ̀dọ̀ wa, dání. Àwa ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, "Bàbá" là ń pè é, kò sì sí ohun tuntun tó ń wọ agboolé wa tí kì í fi sódábì kí káàbọ̀, ìbáà ṣe alùpùpù, ìbáà ṣe ìkòkò.

"Ẹ ti kí i káàbọ̀ ná?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe irú eléyìí…"

Ó ti bu sódábì sẹ́nu. Ó fẹ́ ẹ púù! Mo da ara bo dísìkì, gbogbo rẹ̀ dà sí mi lẹ́yìn, àfi díẹ̀ tó kán sórí rẹ̀. Mo figbe ta. Mo tú gèlè orí mi, mo fi ń nu dísìkì bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun.

Mo so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mo tan iná. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú, ó wá kọ̀wé funfun síbẹ̀ pé òun ò rí dísìkì kankan. Kì í ṣe tuntun nìkan o! Èyí tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ó lóun ò rí i mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó fọwọ́ lérí.

"O ti pa á? O ti pa ohùn Ìyá?"

"Kì í ṣe èmi! Sódábì ni!"

Bàbá ní, "Sódábì kì í ba nǹkan jẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń mu ún, ṣé mo bàjẹ́ ni?"

Mo mọ ìdáhùn tó tọ́ sí ìbéèrè yẹn. Mo gbé e mì torí ọjọ́ orí rẹ̀. Mo mú ìwé pélébé tó bá ohun ìsopọ̀ wá, mo ń kà á sókè pẹ̀lú ìbínú: tí dísìkì méjì bá wà lórí wáyà kan, kí a fi ọ̀kan ṣe olórí, kí èkejì tẹ̀ lé e. Mo ní, "Mo sì ti ṣe é bẹ́ẹ̀! Mo ti fi tuntun ṣe olórí!"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Tuntun? Kí ló dé?"

"Òun ló tóbi jù. Òun ló sì yára jù."

"Tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé? Arúgbó tó wà nílé ńkọ́, kí lo ní kó máa jẹ́?"

Mo wòye. Arúgbó náà, olórí ló ti ń jẹ́ láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún un pé kó sọ̀ kalẹ̀. Olórí méjì ló wà lórí wáyà kan.

Bàbá ti ń rẹ́rìn-ín, ó ń lu itan. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò mọ ilé mi ni? Ìyàwó mi kejì ju ìyálé lọ lọ́jọ́ orí, ó ga jù ú lọ, ó sì sanra jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ wọlé? Nígbà kan mo ṣìnà, mo gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá àgbàdo lé ìyàwó kejì lọ́wọ́. Yéè! Ìyálé ò dá mi lóhùn mọ́. Ìyàwó náà ò dá mi lóhùn, ó ní mo fẹ́ kó òun sí wàhálà. Mo jókòó sáàárín ilé, mò ń pè wọ́n, kò sẹ́ni tó jẹ́ mi. Ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ lù mí pa nílé ìyàwó méjì! Bó ṣe ń ṣe kọ̀ǹpútà ẹ nìyẹn."

Mo sọ fún wọn pé ohun tí mo fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn kí wọ́n tó máa pariwo. Wọn ò gbà mí gbọ́. Mo mú ohun tí mo fi ń fa irun ojú, mo yọ ìdérí kékeré kan tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́, èyí tó ń sọ ẹni tí yóò ṣe olórí, lára ohun ìsopọ̀, mo gbé e sí ibi tó tọ́ sí ìyàwó. Mo tan iná. Arúgbó kérora, orúkọ rẹ̀ hàn lókè. Tuntun tẹ̀ lé e nísàlẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́.

Bàbá ní, "Ìyálé ti gbà á sílé." Ó bu sódábì sẹ́nu. Mo na ìka sí i. Ó gbé e mì.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ko ohùn Ìyá kọjá. Ilà tó ń fi bó ṣe ń lọ hàn ń rìn bí ẹni tẹ́gùn-ún há sí lẹ́sẹ̀. Arúgbó ń kérora, ó ń dákẹ́, ó tún ń kérora. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbàdúrà sí gbogbo ibi tó mọ̀, ó ń bẹ Jésù, ó ń bẹ iná mànàmáná. Nígbà tí ilà náà kún, mo mí kanlẹ̀. Arúgbó han gooro lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, kò sì tan mọ́ títí dòní.

Mo yọ dísìkì tuntun, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣiṣẹ́. Ohùn Ìyá wà níbẹ̀. Kí n tó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n mi tún gèlè rẹ̀ wé, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì níwájú kọ̀ǹpútà, òun tí eékún ń dùn. Bàbá ṣí fìlà.

"Àkọ́bí mi, ṣé dáadáa lo wà?"

"Dáadáa ni, Ìyá mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o." Ó sọ ọ́ tán kí Ìyá tó sọ̀rọ̀ padà. Àyè náà tó o.

"Ọlọ́run ṣeun. Ara ńkọ́?"

"Ara le, Ìyá mi."

"Ọlọ́run ṣeun. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, wọ́n ti dàgbà. Wọ́n ga jù mí lọ." Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Ọlọ́run ṣeun. Ọkọ ẹ ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi ò dáhùn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ń lọ. Mo na ọwọ́ láti dá ẹ̀rọ dúró, ó di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Ó wà, Ìyá mi. Ó ní kí n kí yín."

"Ọlọ́run ṣeun," ni Ìyá wí. "Bá mi kí i o, ṣó o gbọ́?" Ó tún dákẹ́, ó ń dúró.

"Mo gbọ́, Ìyá mi. Mo máa bá yín kí i."