Àádùn Tó Jóná Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Mo rántí òórùn àgbàdo tó ń jóná, àti bí mo ṣe ń díbọ́n pé n kò gbọ́ ọ. Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Òǹdó nígbà náà. Mo ti jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, mo wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi ní Aramọkọ, mo ń retí iṣẹ́ tí kò dé. Ara mi kò balẹ̀ rárá. Bí ọkọ̀ bá ti fọn fèrè lójú títì, mo ti dìde. Ìyá àgbà ní tirẹ̀ ń ṣe àádùn: àgbàdo yíyan tí a gún kúnná, tí a fi epo pupa àti iyọ̀ díẹ̀ pò, tí a wá fi ewé dì. Èmi ọ̀mọ̀wé kà á sí ìpanu ará oko. Bisikíìtì inú páálí ló wù mí.

Nígbà tó yá, lẹ́tà dé pé kí n wá sí Akúrẹ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ọjọ́ náà gan-an ló yẹ ká ṣe àádùn ìsọmọlórúkọ fún aránṣọ àdúgbò wa, obìnrin tó wá ọmọ fún ọdún mọ́kànlá kó tó bímọ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n máa sọ ọmọ náà lórúkọ. Ìyá àgbà sì ti ṣubú lókè Ẹ̀fọ̀n níbi tó ti lọ ra àgbàdo, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wú. Mo ní n óò yan àgbàdo náà kí ọkọ̀ àárọ̀ tó gbéra.

"Dín uná ẹ̀ kù!" ló ń pariwo láti inú yàrá.

Mo ní mo ti dín in kù, mo sì tún ki igi sí i. Àgbàdo dúdú. Mo gún un bẹ́ẹ̀, mo da oyin sí i kí ìkorò rẹ̀ má baà hàn.

Ìyá àgbà fi ìka tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. "Ẹni tó ṣe ọdún mọ́kànlá lẹ́nu àdúrà, èyí lo fẹ́ kí wọ́n fi kan ọmọ ẹ̀ lẹ́nu?"

"Màmá, ọkọ̀ ń lọ, ẹ jọ̀ọ́."

"Máa lọ. Ọwọ́ òsì mi wà."

Mo lọ lóòótọ́. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo di ìwé ẹ̀rí mi mọ́ àyà. Èrò kan ṣoṣo ló kù kí ọkọ̀ kún. Bí ẹni náà ti ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, mo sọ̀ kalẹ̀. Ẹkún ni mo sun délé. Mo bá ìyá àgbà níwájú iná, ó ń fi ọwọ́ òsì ro àgbàdo tuntun, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti dà sílẹ̀. Ó kàn sún fún mi lórí àpótí. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ló wí. Mo jókòó tì í, mo bá a ro ó.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi àádùn kan ọmọ náà lẹ́nu, ó sì lá ètè rẹ̀. Aránṣọ náà dì mọ́ ìyá àgbà, ó ń sunkún ayọ̀. Ojú títì ni èmi ń wò.

Àwọn ẹgbẹ́ mi tó lọ sí Akúrẹ́ rí iṣẹ́ gbà. Èmi tún fi ọdún kan àti ààbọ̀ jókòó sílé. Mo bínú sí ìyá àgbà láìsọ ọ́ jáde. Ó mọ̀, síbẹ̀ àádùn tó dùn jù ló máa ń fi pamọ́ dè mí.

Mo ṣe tíṣà nígbẹ̀yìn, mo sì ti fẹ̀yìn tì. N kì í ra súìtì fún àwọn ọmọ-ọmọ mi. Àádùn ni mò ń ṣe fún wọn. N kò lè búra títí dòní pé ó yẹ kí n sọ̀ kalẹ̀. Bí mo bá jókòó ti iná, ẹsẹ̀ mi ṣì máa ń gbọ̀n bí ẹsẹ̀ ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ọwọ́ mi nìkan ló kọ́ sùúrù.