Mo Sọ̀kalẹ̀ ní Ìdí Òkè

Òórùn àdín àti èéfín ewé gbígbẹ ni mo fi ń rántí ìgbà náà. Ní àkókò ọyẹ́ ní Ẹ̀jìgbò, kò sí ẹni tí kì í fi àdín ra ẹsẹ̀ àti ètè kó tó jáde láàárọ̀, nítorí bí o bá gbàgbé, ètè á là, gìgísẹ̀ á sì sán. Àwa tí à ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere tilẹ̀ ń fi í ra orúnkún, torí ọ̀rẹ́ wa kan sọ pé òun ló ń jẹ́ kí eegun rọ̀. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí mo bá gbóòórùn àdín níbikíbi lónìí, itan mi méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í múra bí ẹni pé òkè ń bẹ níwájú.

Àwa mẹ́ta ni. Bàbá tèmi ń ta aṣọ ní ìlú. Àbúrò wọn tó wà ní Àbíjàn ló ń fi í ránṣẹ́ sí wọn, èmi ni mo sì ń fi kẹ̀kẹ́ gbé e kiri àwọn ọjà abúlé. Kẹ̀kẹ́ náà wúwo. Kéríà ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ tó láti gba odidi àpò aṣọ méjì, bí mo bá sì gùn ún láìgbẹ́rù, ńṣe ló máa ń pariwo bí ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnìkejì ni ọ̀rẹ́ wa tí à ń pè ní ọmọ Àbíjàn, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, kò sì tíì ju ọdún méjì lọ tí òun àti àwọn òbí rẹ̀ padà wálé. Òun nìkan ló ní kẹ̀kẹ́ ìsáré tòótọ́, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ bí ìwo àgbò, ó sì ní aago ọwọ́ tó fi ń wọn àkókò ìrìn wa. Ẹnìkẹta jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ láti Ìsúndúnrin, tó ń kọ́ṣẹ́ fọkanáísà ní Ẹ̀jìgbò. Bàbá rẹ̀ jẹ́ àgbà nínú ìjọ, nítorí náà a kì í gùn ní ọjọ́ Àìkú. Àwa méjì yòókù sì ń kírun, nítorí náà a kì í gbéra títí ìrun àsùbáà á fi parí. Kò sí ẹni tó bá ẹnì kan jà lórí èyí rí.

Ọdún bíi mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ni káńsù kéde pé àwọn yóò ṣe ìdíje kẹ̀kẹ́, wọn yóò sì mú ẹni méjì tó bá ṣíwájú lọ ṣojú àgbègbè wa ní Òṣogbo. Ìdíje náà yóò gbéra láti Ẹ̀jìgbò, yóò sì parí ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, lẹ́yìn òkè gígùn kan tí àwa mẹ́ta sọ ní Amúnilàágùn. Bí mo ṣe gbọ́ báyìí, ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Bàbá mi ti pinnu láti fi mí ránṣẹ́ sí àbúrò wọn ní Àbíjàn, kí n lọ máa jókòó ti ṣọ́ọ̀bù. Lójú tiwọn, kẹ̀kẹ́ wà fún ẹrù. Ẹni tó bá ń gùn ún láìsí ẹrù lẹ́yìn, iṣẹ́ ló ń sá fún. Mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbọ́. Mo rán ìyá mi, ìyá mi náà rán ẹ̀gbọ́n wọn. Níkẹyìn, wọ́n là á yé mi pé bí mo bá wà nínú àwọn méjì yẹn, mo lè dúró sílé kí n máa gun kẹ̀kẹ́ mi. Bí n kò bá sí níbẹ̀, kí n di ẹrù.

N kò fẹ́ lọ. Kì í ṣe pé Àbíjàn burú, ṣebí ìdajì ìlú wa ló ń jẹun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ara mi lè ṣe lórí kẹ̀kẹ́, mo sì fẹ́ kí bàbá mi pàápàá mọ̀ ọ́n kí n tó lọ máa wọn aṣọ lọ́pàá lọ́pàá fún ìyókù ayé mi.

Ọyẹ́ ọdún yẹn le. Bí a bá ti jáde ní ìlú, ìkùukùu á bo ọ̀nà débi pé kéríà ẹni tó wà níwájú nìkan lèèyàn ń rí. Ìka ọwọ́ á kú. Ọmọ Àbíjàn nìkan ló ní ìbọ̀wọ́, ó sì máa ń yá wa, ọ̀tún fún ẹnì kan, òsì fún ẹnì kejì, a ó wá fi àkísà wé ọwọ́ kejì. Bí ẹsẹ̀ wa bá fẹ́ rọ̀, á kígbe “Alé! Alé!” lẹ́yìn wa, ìyẹn Faransé tí wọ́n fi ń lé ẹni síwájú lọ́hùn-ún. Nígbà tí a bá fi máa dé orí òkè, eruku á ti jókòó sórí ìpéǹpéjú wa, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ti di arúgbó. Oòrùn á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yọ nígbà náà, funfun bí àwo tánganran, tí èèyàn lè tẹjú mọ́ ọn. A ó jókòó jẹ àkàrà tó ti tutù, a ó máa wo òrùlé páànù Ifẹ̀-Ọ̀dàn tó ń jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìkùukùu. Mo ti rìn jìnnà láti ìgbà yẹn, ọ̀rẹ́ mi, n kò tíì jókòó síbi tó dára tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dí wa lọ́wọ́. Àsìkò tí à ń gùn gan-an ni àwọn àgbà ń lọ sóko, ìwọ náà sì mọ̀ pé a kì í wà lórí kẹ̀kẹ́ kí àgbàlagbà. O ní láti sọ̀kalẹ̀, kí o dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n béèrè ilé, kí wọ́n béèrè ọ̀nà, kí wọ́n ṣàdúrà fún ọ, kí o tó tún gùn. Bí a bá pàdé àgbà mẹ́wàá, a ó sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ọmọ Àbíjàn á máa wo aago, á máa fapá jánú. Ó ní báwo la ṣe fẹ́ mọ bí a ṣe ń sáré tó, nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ la wà jù. Níjọ́ kan, a fohùn ṣọ̀kan pé láti ọ̀la lọ, ọwọ́ la ó máa nà sókè, a ó sì kí wọn lókè réré bí a ti ń kọjá.

Ní ìdí òkè Amúnilàágùn, bàbá arúgbó kan ní oko ẹ̀gẹ́. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń kó ewé gbígbẹ jọ sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á dáná sí i, wọ́n á máa yá a. Baba Oníná ni à ń pè wọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ọwọ́ kí wọn. Nígbà tí mo dé láti ọjà lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, wọ́n ti wọ ọkọ̀ wá bá bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù, torí kò sí ẹni tí kò mọ kẹ̀kẹ́ aláṣọ lójú ọ̀nà yẹn. Wọn ò bínú, wọn ò pariwo. Wọ́n ní àwọn kàn wá béèrè bóyá ogun wà ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni, tí àwọn ọmọ fi ń sáré kọjá lára èèyàn bí ẹni tí kò rí i.

Ojú ti bàbá mi gan-an. Bí Baba Oníná ṣe lọ tán, wọ́n fi ṣéènì de kẹ̀kẹ́ mọ́ òpó, wọ́n sì ní kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ẹsẹ̀ rìn lọ bẹ baba náà lọ́jọ́ kejì. Èèyàn ò mọ bí ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn ṣe gùn tó títí á fi fẹsẹ̀ rìn ín lọ tọrọ àforíjì.

Baba Oníná jẹ́ kí a dọ̀bálẹ̀ tó, wọ́n wá ní kí a jókòó síbi iná. Wọ́n béèrè ohun tí à ń lé. A ṣàlàyé ìdíje náà, èmi sì sọ ti Àbíjàn fún wọn, n kò mọ ohun tó mú mi sọ ọ́. Wọ́n fi igi tún iná ṣe, wọ́n wo òkè.

“Mo ti ń wò yín,” wọ́n wí. “Eré tí ẹ ti sá bọ̀ ló ń gbé yín dé ìdajì òkè yìí, kì í ṣe ẹsẹ̀ yín. Ẹni tó bá ti ìdúró gùn ún ló gùn ún. Ẹ máa sọ̀kalẹ̀ lọ́dọ̀ mi.”

Bàbá mi tú ṣéènì, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Láràárọ̀, níwájú iná yẹn, a ó dọ̀bálẹ̀, a ó na ìka wa sí iná, a ó sì gun òkè láti ìdúró. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ńṣe la ń ti kẹ̀kẹ́ gòkè bí ẹni tó ń ti ewúrẹ́ olóríkunkun, baba á sì máa rẹ́rìn-ín ní ìsàlẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, mo gùn ún dé ìdajì. Nígbà tó fi máa pé oṣù kan, mo ń gùn ún dókè láìdìde lórí ìjókòó, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹrù. Aago ọmọ Àbíjàn fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Kò tún ráhùn nípa ìkíni mọ́.

Ọjọ́ ìdíje pé. A tó ọgbọ̀n, láti Ola, láti Ìsúndúnrin, láti gbogbo àyíká. Àwọn kan wo kéríà mi, wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ tajà lọ́nà ni. A gbéra. Táyà ọ̀rẹ́ wa tó ń kọ́ṣẹ́ fọkanáísà jò kí a tó kúrò nílùú dáadáa, òun tó ń lẹ táyà fún gbogbo ayé. Títí dòní la fi ń bú u. Èmi àti ọmọ Àbíjàn ń bá a lọ, a ń gba ara wa lọ́wọ́ atẹ́gùn, a ń já àwọn èèyàn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a máa fi rí ìdí òkè, èmi ni mo wà níwájú gbogbo wọn. Mo ní kí o gbọ́ ọ dáadáa: èmi, lórí kẹ̀kẹ́ aláṣọ, ni mo wà níwájú gbogbo wọn.

Baba Oníná dúró síbi iná wọn. Wọ́n ti wọ dàńsíkí tó dára, wọ́n wá wò wá. Bí mo ṣe rí wọn, mo sọ̀kalẹ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀.

N kò rò ó. Ara ló ṣe é. Àyà mi ti kan ilẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mo ṣe, mo sì ń gbọ́ táyà àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń kọjá lẹ́bàá etí mi. Ọmọ Àbíjàn kígbe orúkọ mi, ṣùgbọ́n kò lè dúró, n kò sì fẹ́ kó dúró. Mo gbójú sókè. Baba ti na ọwọ́ méjèèjì sí mi.

“Ọmọ mi,” wọ́n ní, “kì í ṣe tòní.”

Ẹni mẹ́jọ ló kọjá mi. Mo gbé kẹ̀kẹ́ dìde, mo gùn ún láti ìdúró, bí mo ti ń gùn ún láràárọ̀. Àwọn tó kọjá mi bá eré wá, eré náà sì tán lọ́wọ́ wọn ní ìdajì òkè gẹ́gẹ́ bí baba ti wí. Mo bá ẹni àkọ́kọ́, mo bá ẹnìkejì. Àwọn kan ti ń rìn, wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́. Mo kọjá ẹni mẹ́fà lórí òkè yẹn. Nínú gbogbo ohun tí mo ti fi ara mi ṣe láyé, kò sí èyí tó wú mi lórí tó o. Ṣùgbọ́n ẹni méjì ló kù níwájú, ìlà òpin sì ti dé. Ọmọ Àbíjàn ló gba ipò kìíní, ọkùnrin kan láti Ola gba ìkejì. Èmi ni ìkẹta.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún bàbá mi pé mo ṣe ìkẹta. N kò sọ ìdí rẹ̀, ojú ń tì mí; àwọn kan ti ń fi mí rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà. Wọ́n ní ó dáa. Ìyá mi lọ mú àpótí mi jáde.

Lẹ́yìn ìrun alásárì, Baba Oníná tún wọlé. Mo rí i lójú bàbá mi pé wọ́n rò pé mo tún ti ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n baba náà ṣí fìlà, wọn ò sì jókòó.

“Àlàájì, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín,” wọ́n ní. “Ọmọ yín ló ṣíwájú. Èmi ló sọ̀kalẹ̀ kí. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ ló gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀.”

Wọ́n ròyìn gbogbo rẹ̀, àti ẹni mẹ́fà tí mo kọjá. Bàbá mi wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí mi. Wọ́n bẹ baba náà kí wọ́n jókòó, wọ́n ní ẹnìkan kì í tọrọ àforíjì nítorí pé ó báni tọ́ ọmọ. Wọ́n wá yíjú sí mi.

“Ṣé ẹ ó jáde lọ́la?”

Mo ní n kò mọ̀.

“Táyà ẹ̀yìn yẹn ò le. Fún un ní atẹ́gùn kí ẹ tó jáde.”

Ìyá mi gbé àpótí padà wọlé. Kò sí ẹni tó tún dárúkọ Àbíjàn fún mi mọ́.

Ní ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún ṣe ìdíje, mo sì lọ sí Òṣogbo. Mo ṣe dáadáa níbẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó ń rántí ìyẹn, èmi náà kì í sábà rò ó. N kò sì sọ fún bàbá mi rí pé kì í ṣe pé mo ro ọ̀rọ̀ náà kí n tó sọ̀kalẹ̀. Nígbà kan, mo rò pé irọ́ ni mo ń pa fún wọn. Nísinsìnyí, mo mọ̀ pé ohun tí ara ń ṣe kí orí tó dá sí i, òun gan-an ni èèyàn jẹ́, mo sì ń yangàn pé ohun tó jáde lára mi lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Títí bàbá mi fi kú, bí àlejò bá wá, tí wọ́n sì fẹ́ fi mí hàn án láàárín àwọn àbúrò mi, wọn kì í sọ pé èyí ló lọ sí Òṣogbo. Wọ́n á gbé ọwọ́ lé mi léjìká, wọ́n á ní, “Èyí ló sọ̀kalẹ̀.”