Igi Tí Veronica Gbìn sí Ilẹ̀ Láníyì

Ọdún tí ọkọ Veronica kú ni Láníyì, àbúrò ọkọ rẹ̀, lọ sí oko wọn ní Afo, ó sì fa gbogbo ọmọ obì tí obìnrin náà gbìn tu.

"Ìyàwó wa," ó ní, "gbin ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, gbin àgbàdo. Ṣùgbọ́n igi? Ẹni tó bá gbin igi ló ni ín títí ayé. Ọmọ ìlú Uso ni ọ́, o ò sì bímọ fún wa."

Veronica kò sunkún lójú rẹ̀. Ó ṣa àwọn ọmọ obì náà jọ, ó sá wọn sórí àjà ilé ìdáná. Òun ló ń fọ aṣọ pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì. Nígbàkígbà tí fádà bá ní kí á dárí ji ara wa, ohun tó wà lórí àjà ló ń wá sí i lọ́kàn.

Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ kan dé. Wọ́n ní igi ń fa èéfín tó ń ba ojú ọjọ́ jẹ́ mọ́ra, àwọn ará òkèèrè sì fẹ́ sanwó kí igbó má baà tán. Wọ́n pín ọmọ igi ìdigbò fún àwọn onílẹ̀. Láníyì da tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

"Wọ́n fẹ́ ra afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ mi!" ó wí fún àwọn àgbà tó jókòó lábẹ́ ibòji. "Ta ló ń jẹ èso ìdigbò?"

Veronica kúnlẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ jẹ́ n gbìn ín sí oko yín tó ti di igbó yẹn."

"Gbìn ín, ìyàwó wa! Tó bá dàgbà, kí o máa fi se ọbẹ̀."

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Veronica náà rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè rántí.

Ó gbìn ín. Ó ń roko ìdí rẹ̀, ó ń pọnmi sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igi ga kọjá òrùlé.

Ìlú náà ń yí padà. Omi ẹ̀rọ dé. Ọkọ̀ akẹ́rù ń gba ọ̀nà Idoani láìrì sínú ẹrẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti ń múra ọ̀nà Èkó rí iṣẹ́ nínú ọgbà ọmọ igi. Ilé-iṣẹ́ náà wá pèpàdé: onígi ni yóò máa jẹ èrè igi, igi kankan kò sì ní ṣeé gé títí ìran kan yóò fi kọjá.

Láníyì wọ agbádá wá. "Orí ilẹ̀ mi ni ìdigbò yẹn wà."

Veronica tú etí aṣọ rẹ̀, ó da àwọn ọmọ obì gbígbẹ sílẹ̀ láàárín àwọn àgbà.

"Ọkọ mi, kí ló dé tí ẹ fi fa ìwọ̀nyí tu? Ẹ sọ ọ́ fún wọn bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi."

Láníyì yíjú sí àwọn àgbà. Ọlámúyìwá, àgbà wọn, ló fọhùn.

"Láníyì, ẹni tó gbin igi ló ni ín. Etí wa báyìí la sì fi gbọ́ nígbà tí o ní kó gbìn ín."

Lọ́jọ́ kejì, Láníyì wá sí ilé ìdáná Veronica. Obìnrin náà bu omi fún un.

"Ìyàwó wa, jẹ́ ká gé díẹ̀. Oòrùn kò kan ilẹ̀ mi mọ́. Níbo ni n óò dáko sí?"

"Wọn ò gbà ká gé e, ọkọ mi. Bí wọ́n tilẹ̀ gbà, èmi ò gbà."

"Ṣé o ò ní dárí jì mí ni?"

"Mo ń gbìyànjú rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi."

Láníyì kò dìde. Veronica gbé ife omi náà kúrò níwájú rẹ̀.

"Ẹ gbin ẹ̀gẹ́ níbẹ̀," ó ní, "ẹ gbin àgbàdo. Tó bá hù."