Ojú Mitko Lórí Ìwé Òkú Zdravko

Ọ̀rẹ́ mi Zdravko Kehayov kú láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, lórí àga rẹ̀, ìwé lọ́wọ́. Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìgbìmọ̀ ìlú ti tẹ ìwé òkú rẹ̀, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, igi àti òpó iná káàkiri, bí àwa ará Bọ̀lgéríà ti máa ń ṣe fún òkú wa. Orúkọ Zdravko ni wọ́n kọ sí i. Ojú tó wà lókè orúkọ náà ni kì í ṣe tirẹ̀. Ojú Mitko Shopov ni, ẹlẹ́wọ̀n tó sá lọ ní ẹ̀wọ̀n ìlú wa lọ́dún 1931; nọ́ńbà ẹ̀wọ̀n wà láyà rẹ̀ nínú fọ́tò náà.

Kí òkú forí jì mí, mo rẹ́rìn-ín. Odidi ọdún mẹ́ta ni ọlọ́pàá fi wá Mitko, wọn ò rí i mú. Ìgbìmọ̀ ìlú wa ló wá rí i pa.

Ta ló yan fọ́tò yẹn? Wọ́n ní kò sí fọ́tò Zdravko lọ́fíìsì. Ìwé tó kọ nípa bí Mitko ṣe sá lọ nìkan ló wà níbẹ̀, ni wọ́n bá gé fọ́tò iwájú ìwé náà. Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé ẹ ò tilẹ̀ ṣí i wò ni? Ìwé tí ẹ fi ń jẹun? Ẹ sọ ẹ̀wọ̀n náà di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ kọ ọ̀rọ̀ Zdravko sára ògiri yàrá méje, àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá kà á. Mo yẹ ògiri méjèèje wò láti òkè délẹ̀. Mo rí orúkọ ẹni tó kun ògiri. N kò rí orúkọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe kọ́kọ́rọ́ ni Zdravko ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ìtàn tí wọ́n sọ fún gbogbo wa ni pé ṣíbí ni Mitko fi gbẹ́ ògiri, àti pé Gancho, tó ń se oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n, ló ta àwọn tó fẹ́ bá a lọ fún wọ́dà. Zdravko mú ṣíbí nínú ilé ìdáná ìyàwó rẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú ògiri náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ihò tó gbẹ́ kò gba ẹyin adìyẹ.

Mo bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ó ní, “Ìwọ akọ̀ròyìn yìí, gbọ́. Ṣíbí ò lè gbẹ́ ògiri yìí láéláé. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ẹ̀wọ̀n ni bọ̀ọ̀dá yẹn gbà jáde. Ta ló ń mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́?”

Gancho ni. Ọdún mọ́kànlá ni Zdravko fi wádìí ẹ̀, títí ó fi hàn gbangba pé ẹni tí ìlú ń pè ní ọ̀dàlẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún Mitko. Ọmọ-ọmọ Gancho, tí ẹnikẹ́ni kì í kí nílé tẹ́lẹ̀, sunkún lẹ́nu ọ̀nà Zdravko, ó sì gbé odidi àwo bànítsà, àkàrà oníwàràkàṣì wa, lé e lọ́wọ́. Ṣé ẹni tó dá orúkọ òkú padà fún un ló yẹ kó pàdánù tirẹ̀?

Mo mú ìwé òkú náà tọ Radoslava, ìyàwó rẹ̀, lọ. Ojú ń tì mí. Ó wò ó dáadáa.

“Ọkọ mi ò fìgbà kan rẹwà tó báyìí,” ló wí.

A jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, omi ọ̀hún ò sì tètè gbẹ. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ẹ bá mi béèrè ṣíbí mi lọ́wọ́ wọn.”

Èyí tí Zdravko fi dán ògiri wò ló ń wí. Ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ nígbà náà. Ó ti wà nínú àpótí gíláàsì báyìí nílé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ṣíbí Mitko.”

Ogójì ọjọ́ ikú rẹ̀ ń bọ̀. A fẹ́ ìwé òkú tuntun tó ní ojú Zdravko. A fẹ́ orúkọ rẹ̀ lára ògiri méjèèje, a sì fẹ́ mọ ẹni tó yan fọ́tò yẹn. Radoslava yóò gbé àlìkámà sísè wá sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá olórí ìlú, ẹ wá, kí ẹ sì mú ṣíbí obìnrin náà dání, òun ni ẹ máa fi jẹ. Ẹ kúkú mọ àṣà wa: ẹnikẹ́ni kì í fi àlìkámà òkú kan ẹnu láì kọ́kọ́ dárúkọ òkú, kó ní kí Ọlọ́run dárí jì í. A ó dúró tì yín, a ó sì máa fetí sí orúkọ tó máa ti ẹnu yín jáde.