Ìwọ̀n Apá Kan

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta: ènìyàn mọ́kànlélógójì. Iye ẹni tí ọmọbìnrin náà kí láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn nìyẹn. Ẹni tó béèrè orúkọ rẹ̀ kò sí.

Àǹtí Téèpù ló kà á. Ẹ̀yìn ọmọ náà ló ń rìn bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì ń ka ènìyàn bí ẹni ń ka bọ́tìnnì. Aránṣọ ni. Ọdún kẹrìnlá rèé tó ti ń rán aṣọ ibùsùn àti ẹ̀wù aláìsàn ní yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn, yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kò tóbi ju ìrọ̀rí lọ. Kò kọ́ṣẹ́ dókítà. Àwọn ọmọ tó ń dúró de àyẹ̀wò ọkàn ní Ọjọ́bọ̀ ló kọ́kọ́ wá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, torí kì í lé wọn. Nígbà tí dókítà rí i pé wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé àga ike mẹ́fà wọlé. Báyìí ni iṣẹ́ kejì, kíkọ́ wọn bí a ṣe ń bá ènìyàn gbé, ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n, èyí tó kéré jù pé mẹ́tàlá, àgbà wọn pé mẹ́tàdínlógún. Ohun kan náà ló ń ṣe wọ́n. Ẹyọ kékeré kan ló já sọnù nínú àbùdá ara wọn kí wọ́n tó bí wọn. Ó mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọkàn wọn há, ó mú kí ìwé ṣòro fún wọn, ó sì gba ìbẹ̀rù àlejò lọ́wọ́ wọn pátápátá. Wọ́n fẹ́ràn gbogbo ayé. Gbogbo ayé a rẹ́rìn-ín sí wọn, a sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹkúuṣẹ́ ni wọ́n ń pe èyí tí à ń wí yìí ládùúgbò. Ó ń kí ọlọ́pàá, ó ń kí agbálẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó kí òkú tí wọ́n ń gbé kọjá, ó ní kó rọra sinmi. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́, kò sì sí Ọjọ́bọ̀ tí kì í sọ ọ́.

"Àǹtí, mo fẹ́ kí ẹnì kan wá béèrè mi nílé. Kó kan ilẹ̀kùn, kó ní, 'Ṣé ó wà ńlé?' Kí màámi sọ pé, 'Ó wà.'"

"Kí lẹ máa wá ṣe?"

"A máa jókòó."

"Ìyẹn nìkan?"

"Háà, Àǹtí! Ṣé ẹ ò mọ ìjókòó ni?"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Ẹkúuṣẹ́ wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó tẹ̀ lé ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí, torí pé ọkùnrin náà bi í bóyá ara rẹ̀ le. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó rí i ní ìdíkọ̀, nínú mọ́tò ọkùnrin náà. Ìyá rẹ̀ wá sí yàrá ìránṣọ lọ́jọ́ kejì, kò lè jókòó.

"Àǹtí Téèpù, ẹ forí jì mí, ẹ bá mi kọ́ ọ kó yéé fara mọ́ ènìyàn. Ọmọ mi ò mọ ẹni burúkú."

Aránṣọ fa téèpù kúrò lọ́rùn. Ó wọn apá ọmọ náà láti èjìká dé orí ìka: ínǹṣì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó gé téèpù àtijọ́ kan síbẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. "Ẹni yòówù tó bá ń bọ̀, ibi tí èyí bá parí sí ni kó dúró. Má dì mọ́ ọn. Kí i, bi í ní ìbéèrè kan, kí o dákẹ́ kó dáhùn." Ọdún méjì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ó mọ̀ ọ́n.

Ní oṣù kẹfà, iṣẹ́ náà so èso. Ọmọ oníbàtà àdúgbò wọn, tí òun àti Ẹkúuṣẹ́ jọ wà ní kíláàsì, ń jẹ̀rora eyín. Ẹkúuṣẹ́ dúró ní ìwọ̀n apá kan, ó bi í bóyá eyín ti sàn, ó sì dákẹ́. Ọmọ oníbàtà wò ó títí. "Mo máa wá sílé yín ní Sátidé, láago mẹ́rin," ló wí.

Ní Sátidé yẹn, aránṣọ wo aago títí tó fi lu mẹ́rin. Abẹ́rẹ́ gún un lẹ́ẹ̀mejì. Ní Ọjọ́bọ̀, ọmọ náà wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Àǹtí, ó wá! Ó kan ilẹ̀kùn! Màámi ní, 'Ó wà'!"

"Ẹ sì jókòó?"

"Ó sáré, ó na apá méjèèjì, ó fẹ́ dì mọ́ mi. Mo yọ téèpù. Mo ní, 'Dúró síbẹ̀!' Kò kọjá, Àǹtí. Kò kọjá rárá." Ó ń wo ojú aránṣọ, ó ń retí ìyìn.

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wà ní géètì. Wọ́n ní, 'Yéè! Ẹkúuṣẹ́ pàápàá lé ẹ!' Ó bá lọ. Mo ti gbé àga méjì síta. Mo dá jókòó."

Aṣọ tí a bá gé tóbi jù, a lè tún un gé. Èyí tí a bá gé kéré jù, ó tán. Ọdún méjì gbáko ni Àǹtí Téèpù fi kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń dá ènìyàn dúró. Kò lo ọjọ́ kan láti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ènìyàn súnmọ́ ni. Òun ló ṣe é. Kò sí ẹlòmíràn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, aránṣọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníbàtà, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ téèpù fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ oníbàtà gbọ́ ọ yé.

"Mo mọ̀ pé kò mọ̀ọ́mọ̀, mà."

"Ṣé wàá wá ní Sátidé?"

"Wọ́n á máa fi mí ṣẹlẹ́yà, mà."

Baba rẹ̀ ń kan ìṣó mọ́ bàtà. Kò gbójú sókè.

Aránṣọ padà sídìí ẹ̀rọ. Ó fi òwú pupa sàmì sí téèpù náà níbi mẹ́ta. "Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnì kan bá wá," ló wí fún Ẹkúuṣẹ́, "kó dúró ní ìparí téèpù. Bó bá tún wá, ká a dé òwú kìíní, kí o bi í pé, 'Ṣé kí n súnmọ́ ẹ?' Kí o dákẹ́ kó dáhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òwú kejì àti ìkẹta." Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta péré ni Ẹkúuṣẹ́ fi mọ èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tó máa wá lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹkúuṣẹ́ ṣì ń gbé àga méjì síta ní gbogbo Sátidé, láago mẹ́rin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àǹtí Téèpù yà sílé wọn, ó sì fẹ́ jókòó sórí èyí tó ṣófo. Ọmọ náà fọwọ́ bo àga.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó síbẹ̀. Ẹnì kan ń bọ̀."

Ìwọ tí o ń ka èyí, ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ládùúgbò rẹ. Ó ti kí ọ rí, o sì kọjá lọ. Lọ ní Sátidé. Kan ilẹ̀kùn. Bó bá na téèpù, dúró; má bínú, má sì wẹ̀yìn wo ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Sọ orúkọ rẹ. Béèrè tirẹ̀. Kí o sì padà wá ní Sátidé kejì.